Ohun tí Wolé-wolé Fín sí Àbàtà Ìdí-Ògùrọ̀

Ilésanmí ní òun ò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó ní òótọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí, ó sì sàn kó jáde lẹ́nu òun ju kí àwọn èèyàn máa hú u jáde nígbà tí òun bá ti wà lábẹ́ ilẹ̀. Iwájú pẹpẹ ìjọ Àládùúrà kan ní àdúgbò Adébáyọ̀, nílùú Adó-Èkìtì, ló ti sọ ọ́, lọ́jọ́ Àìkú kan lọ́dún 1979, lẹ́yìn ìwàásù, nígbà tí oòrùn ti mú páànù orí ilé ìjọsìn gbóná. Aṣọ funfun tó wọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ télọ̀ ni. Kò wọ bàtà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì fi ọwọ́ òsì dì í mú. Gbogbo ìjọ ló mọ ohun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní oríta Adébáyọ̀ níbẹ̀ ló ti ṣubú lulẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tí ara rẹ̀ ń jà pìtìpìtì, tí ẹnu rẹ̀ ń hó, tí àwọn tó ń tajà lẹ́bàá títì sì kó ọjà wọn sá fún un. Ó ti tún ṣubú lẹ́yìn ìyẹn. Wòlíì ìjọ náà gbàdúrà sí i lórí títí, ó wá sọ fún un pé omi tí wọ́n ń fi wẹ̀ ẹ́ kò ní ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ àfi tó bá tú ohun tó ń gbé kiri nínú jáde níwájú gbogbo èèyàn, kí ẹni tó ṣe ibi náà sí sì jókòó síbẹ̀ kó gbọ́. Ìdí nìyẹn tó fi dìde. Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ìrònúpìwàdà. Ẹ̀rù ló bà á, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ṣe ibi náà sí wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mosúnmọ́lá lorúkọ rẹ̀. Opó ni, ó ti dàgbà tó ìyá tó bí Ilésanmí, ó ń ta gàrí àti ẹ̀wà ní Ọjà Ọba. Ìyá Ìjọ ló wá a kàn, tó bẹ̀ ẹ́ títí kó tó gbà láti wá. Orí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ló jókòó sí, ó fi gèlè bo etí méjèèjì, ojú ilẹ̀ ló sì ń wò. Ilésanmí wò ó lẹ́ẹ̀kan, kò sì tún wo apá ibẹ̀ mọ́.

Láti orí iṣẹ́ rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Wolé-wolé ni, ọ̀kan nínú àwọn tí ìjọba ń rán láti ilé dé ilé kí wọ́n yẹ ṣáláńgá wò, kí wọ́n yẹ àgbàlá wò, kí wọ́n sì yẹ àmù omi wò bóyá tanwíji wà nínú rẹ̀, ìyẹn ọmọ ẹ̀fọn tó máa ń yí bírí-bírí nínú omi kó tó hu ìyẹ́. Ó ní kí ìjọ jọ̀wọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ náà ti dùn tó, nítorí bí òun kò bá sọ bó ti dùn, òun kò tíì jẹ́wọ́ nǹkan kan. Kẹ̀kẹ́ ló ń gùn láti aba dé aba lójú ọ̀nà Ìgèdè, nínú káàkí tí wọ́n fi ẹ̀kọ lọ̀ títí tó fi le gbagidi. Abọ́ tánńganran funfun kan ló máa ń rì bọ inú àmù. Bí tanwíji kan péré bá ti yí nínú abọ́ funfun náà, obìnrin tó ni àmù ti wà lórí eékún nìyẹn, ì báà jẹ́ ìyá àgbà tí irun rẹ̀ ti funfun. Wọn a máa pè é ní ọ̀gá, wọn a máa ní kó fi ojú àánú wò wọ́n, kó má mú àwọn lọ sí kóòtù. Àwọn mìíràn a sáré mú adìyẹ. Kì í ṣe adìyẹ yẹn ló wù ú. Ìkúnlẹ̀ yẹn ló wù ú. Ó ní bí obìnrin bá ti kúnlẹ̀ báyìí, òun a fi í sílẹ̀ lórí eékún, òun a lọ yẹ ṣáláńgá wò, òun a ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, òun a tún yí ilé náà po. Ní ọjọ́ kan obìnrin kan wà nínú oòrùn lórí eékún títí ọbẹ̀ rẹ̀ fi jóná lórí iná. Ilésanmí ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ náà, obìnrin náà ń gbọ́ ọ, kò sì jẹ́ kó dìde. Nígbà tó délé, ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní irú èèyàn tí òun jẹ́ nìyẹn. Àwọn obìnrin kan nínú ìjọ sọ orí kodò, nítorí àwọn náà ti kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, bóyá òun gan-an ni wọ́n kúnlẹ̀ fún.

Ìdí-Ògùrọ̀ ni aba tó bà á nínú jẹ́. Aba kékeré ni, ẹ̀bá àbàtà kan ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí, níbi tí igi ògùrọ̀ ti ṣú bolẹ̀ tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ kan omi. Nígbà tó kọ́kọ́ wọ ilé Mosúnmọ́lá níbẹ̀, tó ri abọ́ rẹ̀ bọ àmù, kò sí tanwíji kan. Ẹja kékeré méjì ló bá abọ́ náà gòkè. Èyí tó jẹ́ akọ kò ju ìka ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ dúdú-búlúù bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró, àmì pupa tò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti ẹ̀yìn etí dé ìrù, lẹbẹ rẹ̀ sì ní ìgbátí aláwọ̀ òféfèé. Èyí abo pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ewé tó ti rà, ojú èèyàn sì lè fo ó. Onílẹ̀kẹ̀ ni wọ́n ń pè é nítorí àwọn àmì pupa yẹn. Ilésanmí bi í pé irú ìdọ̀tí wo nìyí nínú omi mímu. Obìnrin náà kò kúnlẹ̀. Ó dúró ṣinṣin, ó sì dá a lóhùn pé, “Ẹja ni, ọ̀gá. Tanwíji ló ń jẹ. Òun ló ń bá mi ṣọ́ ulé.”

Bó ti rí gan-an nìyẹn. Láti ìgbà ìyá ọkọ rẹ̀ ni Mosúnmọ́lá ti ń fi apẹ̀rẹ̀ kó onílẹ̀kẹ̀ nínú àbàtà sínú àmù, àwọn obìnrin aba sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí Ilésanmí ti fi ìtanràn dá wọn lágara. Kò pẹ́ tí gbogbo àmù Ìdí-Ògùrọ̀ fi mọ́ lóló. Ibà dín kù lára àwọn ọmọdé. Wolé-wolé a ri abọ́ rẹ̀ bọ omi, a wò ó yíká, a tún rì í bọ omi, kò sí nǹkan kan. Ó wádìí bóyá òfin wà tó ní kí ẹja má gbé inú àmù, kò sí. Ó wá di ọjọ́ kan tó dé aba náà, tí àwọn obìnrin jókòó sábẹ́ igi kan tí wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́, tí wọ́n kí i ní ìjókòó, tí wọ́n sì ń bá ẹ̀gẹ́ wọn lọ. Ìkíni náà dára, ẹ̀rín sì wà níbẹ̀. Ilésanmí ní ìbínú kò jẹ́ kí òun lè gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ náà. Òun fi ọwọ́ tì í délé ni.

Ó kọ́kọ́ lo karosíìnì. Ó sọ fún àwọn ọkùnrin aba pé àbàtà ló ń bí ẹ̀fọn, pé ìjọba ti ní kí wọ́n da epo sí i, ó sì dà á sójú omi nígbà tí òjò ọdún yẹn ń lọ sópin. Omi àbàtà náà kò jìn, kò sì ń ṣàn. Omi pupa rúsúrúsú ni, ewé tó ti rà ló pọ̀ nínú rẹ̀. Karosíìnì náà tẹ́ rẹrẹ sójú rẹ̀, àwọn ẹja náà sì gòkè wá mí èémí, wọn kò rí èémí mí. Ilésanmí dúró wò wọ́n. Ó ní nígbà tí àwọn akọ kú tán, òun ń fi orí bàtà yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí àwọ̀ náà ń ṣí kúrò lára wọn bí òun ti ń wò ó, búlúù di eérú, pupa di ilẹ̀, ó sì dùn mọ́ òun pé ohun tó ń dán bẹ́ẹ̀ lè tètè di ìdọ̀tí. Ọyẹ́ dé, àbàtà gbẹ, ilẹ̀ rẹ̀ là, àwọn ọmọdé ń sáré lórí rẹ̀. Àwọn ẹja inú àmù gbó, wọ́n kú, kò sí òmíràn láti fi rọ́pò wọn, tanwíji padà sínú àmù, ìkúnlẹ̀ náà padà. Ó rò pé ó parí. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́dún 1977, tí omi tún kún ojú ibẹ̀, onílẹ̀kẹ̀ ti wà nínú rẹ̀ yamùyamù, wọ́n tín-ín-rín bí irun ìpéǹpéjú. Kò sí odò kankan tó ṣàn wọ àbàtà náà tí wọ́n ì bá bá wá. Ìbẹ̀rù mú un. Ó gbà pé Mosúnmọ́lá ló ní agbára kan.

Olùkọ́ kan ló la ojú rẹ̀, láìmọ ohun tó ń ṣe. Jùmọ̀kẹ́ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Adó ni, ó ń kọ́ni nípa ohun abẹ̀mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìgèdè, ó sì fẹ́ràn àwọn ẹja náà bí ẹni fẹ́ràn ọmọ àbúrò. Ilésanmí bá a ní bèbè àbàtà lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìgò nínú àpò, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní òun ń fẹ́ ìmọ̀. Tayọ̀tayọ̀ ni olùkọ́ náà fi ṣàlàyé. Ó ní ẹja yìí kì í gbé odò ńlá, nítorí àwọn ẹja ńlá ibẹ̀ á jẹ ẹ́ tán. Omi tí kò jìn, tí òjìji bò, tó lè gbẹ nígbàkigbà, ibẹ̀ nìkan ni ilé rẹ̀. Tanwíji ló ń jẹ, àti èèrà tó bá já bọ́ láti orí ewé. Ó ní irú àbàtà mìíràn tí òun ti rí wọn rí, wọ́n ti gbẹ́ ẹ, wọ́n ti fi gbin ìrẹsì, wọ́n ti gé ògùrọ̀ rẹ̀ ṣe igi àjà, òun kò sì tún rí ẹyọ kan níbẹ̀ mọ́. Ìdí-Ògùrọ̀ ló kù tí òun mọ̀. Ó wá sọ ìyanu inú rẹ̀. Abo ẹja náà á rì mọ́ inú ẹrẹ̀, akọ á sún mọ́ ọn, wọn á fi ẹyin kan ṣoṣo síbẹ̀, wọn á tún lọ fi òmíràn síbòmíràn. Èèpo ẹyin náà le. Bí àbàtà bá gbẹ, gbogbo àgbà inú rẹ̀ á kú, ṣùgbọ́n ẹyin á máa sùn nínú ẹrẹ̀ gbígbẹ títí òjò á fi jí i. Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹni tó bá fẹ́ pa wọ́n run nínú omi, ńṣe ló ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, sà. Inú ẹrẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n fi ọmọ wọn pamọ́ sí.” Ilésanmí dúpẹ́. Ó bá a gbé àpò rẹ̀ dé ibi tó ti máa wọ mọ́tò, ó sì dúró juwọ́ sí i títí mọ́tò fi lọ.

Ó wá fi sùúrù dúró. Ó ní ìyókù ọdún náà ni òun ti ṣe pẹ̀lẹ́ jù láyé òun. Ó ń kí àwọn obìnrin Ìdí-Ògùrọ̀, ó ń yin àmù wọn, ó ń gbé ọmọ wọn. Nígbà tí ọyẹ́ mú, tí àbàtà gbẹ tán, ó lọ sí abà kòkó bàbá rẹ̀, ó gbé oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ara kòkó, ògidì rẹ̀ tí wọn kò tíì fi omi là, àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín in. Kò yọ́ lọ. Ọ̀sán gangan ló wọ aba, nínú káàkí ìjọba, tó gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn, tí gbogbo èèyàn ń wò ó. Gbogbo ibi tí ẹrẹ̀ ti là ló ń fi ẹnu ẹ̀rọ náà bọ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ títí oògùn á fi dé ìsàlẹ̀, a sún síwájú, a tún bọ̀ ọ́. Ó ní òun ń rò ó lọ́kàn bí òun ti ń ṣe é pé ẹyin wọn wà níbẹ̀, wọ́n sùn, wọn kò lè sá.

Àwọn obìnrin rò pé ẹ̀fọn ló ń bá àwọn pa, wọ́n sì wá dúpẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, Ẹ̀bùnọlá, abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, sun iṣu, ó sì gbé e wá pẹ̀lú epo pupa. Ilésanmí sọ ẹ̀rọ kalẹ̀, ó wẹ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, ó jókòó, ó jẹun. Ọmọ náà, Ayọ̀kúnlé, na ọwọ́ sí agolo oògùn tó ń dán. Wolé-wolé gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó bu iṣu fún un. Nígbà náà ni Mosúnmọ́lá dé. Ó dúró, ó fa imú, ó ní, “Oògùn kòkó lèyí.” Ilésanmí ní rárá, oògùn ẹ̀fọn tuntun tí ìjọba fi ránṣẹ́ ni. Obìnrin náà wò ó pẹ́, ó ní, “Ibẹ̀ la ti ń pọnmi tí òjò bá dé, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ti àwọn ọmọ.” Ilésanmí bi í, iṣu sì wà lẹ́nu rẹ̀, bóyá obìnrin náà ni ìjọba ń sanwó iṣẹ́ ìmọ́tótó fún. Àwọn obìnrin yòókù rẹ́rìn-ín. Mosúnmọ́lá yí padà lọ sílé. Níbi tí Ilésanmí dé yìí níwájú pẹpẹ, ó ní kí ìjọ fi etí sí ohun tí òun fẹ́ sọ yìí dáadáa: obìnrin náà ti sọ fún òun. Kò sí ẹni tó lè sọ pé òun kò mọ̀. Òun mọ̀, òun sì jẹ iṣu náà tán.

Òjò rọ̀. Omi kún àbàtà, kò sì sí ẹja kan nínú rẹ̀, kò sí àkèré, kò sí kòkòrò ojú omi. Ọ̀gbẹlẹ̀ ti da àwọn obìnrin láàmú, inú wọn dùn sí omi ìtòsí, wọ́n pọn ọ́n kún àmù. Mosúnmọ́lá nìkan ló gbé korobá rẹ̀ lọ sí odò kan tó jìnnà, tó ń lọ tó ń bọ̀, tó sì ń bẹ àwọn yòókù kí wọ́n bá òun lọ. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń rín in. Kò pẹ́ tí èébì fi bẹ̀rẹ̀ nínú aba, gìrì sì mú Ayọ̀kúnlé ọmọ Ẹ̀bùnọlá. Ara rẹ̀ le gan-an, ojú rẹ̀ yí sókè, ó ń gbọ̀n lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, wọ́n ń pa agbo sí i lẹ́nu, ó ń dà á nù. Kí wọ́n tó rí mọ́tò tí yóò gbé e lọ sí ọsibítù, ó ti kú.

Wọ́n ránṣẹ́ pe wolé-wolé kó wá yẹ omi wò, nítorí òun ni ìjọba tí wọ́n mọ̀. Ilésanmí bẹ̀rẹ̀ mọ́ àmù Ẹ̀bùnọlá. Ó ní òórùn oògùn kòkó gbá òun nímú kí òun tó fi abọ́ kàn án. Ẹja onílẹ̀kẹ̀ kan ló léfòó sójú omi, ó ti kú, ọ̀kan nínú èyí tí Mosúnmọ́lá fún wọn lọ́dún tó kọjá. Ilésanmí fi ìka méjì mú un nírù, ó gbé e sókè kí gbogbo wọn rí i. Ó ní, “Ẹja yìí ló ní oró. Ta ló kó o fún yín?” Ojú gbogbo wọn ló lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan. Mosúnmọ́lá sọ ọ́ níbẹ̀ ketekete, ó ní ohun tí wolé-wolé fín sínú ẹrẹ̀ ló pa ọmọ. Ilésanmí rẹ́rìn-ín. Ó bi wọ́n pé tó bá jẹ́ oró ni òun fín, ṣé òun á fi ọwọ́ kan náà jẹ iṣu? Ẹ̀bùnọlá, tó gbé òkú ọmọ rẹ̀ dání, ló dá a lóhùn, ó ní òótọ́ ni, ojú òun ló ti jẹ ẹ́. Ilésanmí wá bi wọ́n ní ìbéèrè kan sí i, ó ní ìbéèrè yẹn ló ń dún lórí òun tí òun bá ti ṣubú: kí ló dé tí Mosúnmọ́lá nìkan kò mu omi náà?

Ìbéèrè yẹn ló kó bá Mosúnmọ́lá. Kó tó la ẹnu, wọ́n ti ń pè é ní apọmọjẹ. Ẹ̀bùnọlá ló kọ́kọ́ sọ àpáàdì lù ú. Wọ́n fọ́ àmù rẹ̀, wọ́n da gàrí rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní oòrùn kò gbọdọ̀ wọ̀ bá a ní aba. Ilésanmí dúró láàárín wọn pẹ̀lú abọ́ funfun rẹ̀, ó ń tọ́ka sí gbogbo àmù tí ẹja wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń fọ́ wọn. Obìnrin náà di ẹrù rẹ̀, ó gbé e rù, ẹ̀jẹ̀ sì wà létí rẹ̀. Ilésanmí ní nígbà tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, kò bú òun, ó kàn wo káàkí òun láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, wọ́n gbóríyìn fún un lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì gbé e wá sí Adó níbí pé kó máa mójú tó agbègbè Ọjà Ọba. Ó tún fi kún un, bí ẹni rántí nǹkan kékeré, pé nígbà tí òun fi máa dé Adó, òun kì í wo inú àmù mọ́ kí òun tó dà á nù, ẹsẹ̀ lòun fi ń gbá a. Kò sí ẹni tó fi ìyẹn ṣe nǹkan kan, nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ tó kú ṣì wà lọ́kàn gbogbo èèyàn.

Ó wá ṣe ìparí bó ti tò ó sílẹ̀ nílé. Ó kọjú sí àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ akọrin, ó kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má jẹ́ kí ìbẹ̀bẹ̀ ọmọ èèyàn dùn mọ́ wọn, pé kí wọ́n wo òun fi kọ́gbọ́n. Ohùn rẹ̀ ti ń ròkè, ẹnìkan ti ń sọ pé àmín. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́, òun náà rí i, inú rẹ̀ sì dùn. Ó rìn gba àárín bẹ́ǹṣì lọ sí ẹ̀yìn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Mosúnmọ́lá, ó ní, “Màmá, mo ti sọ gbogbo rẹ̀, n kò fi ẹyọ kan pamọ́. Ẹ foríjì mí, kí ara mi lè yá.”

Mosúnmọ́lá ṣí gèlè kúrò létí. Àpá wà níbẹ̀. Kò pariwo, ohùn Èkìtì rẹ̀ sì lọ tààrà dé iwájú. Ó ní, “O kò tíì sọ ti àmù ulé mi lẹ́yìn Ọjà Ọba.”

Ilésanmí gbé orí sókè. Obìnrin náà wá sọ ọ́ fún gbogbo ìjọ. Nínú ẹrù tó rù kúrò ní Ìdí-Ògùrọ̀, akèrègbè kan wà níbẹ̀ tí omi odò jíjìn wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹrẹ̀ ìdí àmù rẹ̀ tí kò mọ oògùn, àti onílẹ̀kẹ̀ mélòó kan tó ṣà láàárín àpáàdì àmù náà, tí kò tíì kú. Ó tún wọn tọ́ nínú àmù kan lẹ́yìn ilé tó gbà sí Adó. Wọ́n yé, wọ́n pa, wọ́n pọ̀. Jùmọ̀kẹ́ olùkọ́ wá wò wọ́n, ó sunkún, ó ní òun ti yẹ gbogbo àbàtà tí òun mọ̀ wò, kò sí òmíràn níbì kankan, kó tọ́jú wọn títí oògùn yóò fi ṣàn kúrò nílẹ̀ ibẹ̀, kí àwọn lè dá wọn padà. Mosúnmọ́lá ní nínú ọyẹ́ tó kọjá, wolé-wolé kan wọ inú àgbàlá òun. Òun ń lọ ata, òun sì mọ̀ ọ́n. Òun fa gèlè bo ojú, nítorí tó bá dá òun mọ̀, tó pe òun ní apọmọjẹ níwájú àwọn aládùúgbò, òun kò tún ní ibòmíràn tí òun lè lọ. Ó fi ẹsẹ̀ gbá àmù náà ṣubú, kò wo inú rẹ̀, ó kọjá sí ilé kejì. Àwọn ẹja náà ń ta pàtì-pàtì nílẹ̀, òun kò sì lè dìde lórí ìjókòó títí ó fi jáde. Ó ní, “Adìyẹ ló ṣà wọ́n jẹ. Mo jókòó, mo ń wò ó.”

Mosúnmọ́lá bi í pé ṣé ó rántí ọjọ́ náà. Ilésanmí ní, “Mo rántí, màmá. Mo rántí rẹ̀ dáadáa.”

“Kí ni mo fi dé àmù náà?”

Ilésanmí kò mọ̀ ọ́n. Mosúnmọ́lá dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, ó sì tún gèlè wé mọ́ etí tó ní àpá náà. Ó ní, “Ti ọmọ Ẹ̀bùnọlá, lọ bá ìyá rẹ̀. Ti èmi, mo ti fi jì ọ́ láti ọdún tó kọjá. Èyí tó kù yìí, ti àmù náà, ọjọ́ tí o bá rántí rẹ̀ ni kí o wá bẹ̀ mí.” Ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde sínú oòrùn, ó ń lọ sídìí gàrí rẹ̀.

Wòlíì ní kí wọ́n gbé orin, kò sí ẹni tó gbé e. Ilésanmí ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó dijú. Ó ń wá àgbàlá kan lẹ́yìn Ọjà Ọba, obìnrin kan nídìí ọlọ ata, àmù kan pẹ̀lú ìdérí rẹ̀. Àmù ló ń rí lóòótọ́, wọ́n pọ̀ lọ súà, gbogbo wọn ló ń dà sílẹ̀, wọ́n sì jọra.